Afárá fún Symbian: bí mo ṣe gbé ìwé àjọ ọdún 2009 kọjá sórí Android ní Ògbómọ̀ṣọ́

Iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì mi nítòsí Tákíé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí ìyá alájọ kan gbé fóònù Nokia E63 rẹ̀ tọ̀ mí wá nínú ọ̀rá. Symbian ni ètò tí ó ń darí fóònù náà, bí Android ṣe ń darí fóònù òde òní. Ìlò ọ̀pọ̀ ọdún ti jẹ bọ́tìnnì rẹ̀ débi pé ìdajì wọn kò dáhùn mọ́, bátìrì rẹ̀ ti wú, ó sì máa ń kú kí ó tó tàn tán. Mo rò pé ṣe ni ìyá náà fẹ́ kí n tún fóònù ṣe, àfi ìgbà tí ó sọ fún mi pé òun ti ra Android, pé ohun tí ó ń dun òun ni áàpù kan ṣoṣo tí ó wà nínú fóònù àtijọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH kan tí ó ń gbé ní àdúgbò rẹ̀ nígbà náà ni ó kọ ọ́ fún un ní 2009. Orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀, iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá, ọjọ́ tí ó gbà á, iye tí ẹni náà ti kó, àti owó ọjọ́ kan tí alájọ máa ń yọ nínú ti oṣù kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ti kúrò nílùú tipẹ́tipẹ́, kò sì sí ẹni tí kóòdù tí ó kọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ọmọ mi,” ni ìyá wí, “owó olówó ló wà nínú ẹ̀ o. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí káàdì àjọ wọn ti sọnù, inú fóònù yìí nìkan ni mo ti lè mọ ohun tó kù fún wọn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó jẹ́ kí n gba iṣẹ́ náà. Bí ó bá jẹ́ pé kí n ka orúkọ àti iye owó jáde nìkan ni, ǹ bá ti kọ ètò kékeré kan tí yóò tú fáìlì náà sínú ìwé lásán. Ṣùgbọ́n ìṣirò tí áàpù náà ń ṣe lórí owó oṣù kò sí nínú fáìlì, inú kóòdù tí a kò rí ni ó wà. Bí mo bá sì fi òye ara mi kọ òmíràn, tí ìṣirò tèmi fi náírà díẹ̀ yàtọ̀ sí ti àtijọ́, ta ni yóò dá alájọ láre lójú oníbàárà rẹ̀? Mo pinnu pé áàpù náà gan-an, báìtì fún báìtì bí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ṣe fi í sílẹ̀, ni yóò máa ṣiṣẹ́ lórí Android, àti pé iṣẹ́ tèmi ni láti kọ́ ìpele ìbáramu tí yóò dúró láàárín àwọn méjèèjì. Afárá ni mo ń pè é láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ náà ni n óò sì máa pè é níhìn-ín.

Àwọn kan béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ló dé tí n kò lo EKA2L1, èyí tí ó ti wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣí áàpù Symbian lórí kọ̀ǹpútà tàbí Android. Iṣẹ́ takuntakun ni àwọn tí ó kọ ọ́ ṣe, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ó ń béèrè fún ẹ̀dà ROM fóònù, ìyẹn àwọn fáìlì ètò tí iléeṣẹ́ ti kó sínú fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀, tí Symbian ń pe ibi tí wọ́n wà ní Z:, fóònù tí ó wà lọ́wọ́ wa kò sì dúró pẹ́ tó láti tú ROM rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, áàpù kan ṣoṣo ni ìyá nílò, ó sì yẹ kí ó lè tẹ àwòrán rẹ̀ lójú fóònù kí ó ṣí, bí ó ṣe ń ṣí WhatsApp.

Oore kan tí a rí ni pé orí mẹ́mọ́rì káàdì ni akẹ́kọ̀ọ́ náà fi áàpù sí. Láti ìgbà tí Symbian ti dé ìpele 9 ni wọ́n ti fi òfin de àwọn fáìlì: kóòdù tí ó bá máa ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú \sys\bin, dátà áàpù kọ̀ọ̀kan sì wà nínú yàrá tirẹ̀ lábẹ́ \private, níbi tí áàpù mìíràn kò gbọdọ̀ yọjú sí. Fóònù ni ó ń ṣọ́ òfin yìí. Káàdì fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo fi káàdì náà sínú kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ ni ó ṣí sílẹ̀ gbayawu: kóòdù áàpù, fáìlì tí ó fi ń ya ojú rẹ̀, àti fáìlì àjọ. Mo ṣe ẹ̀dà mẹ́ta kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo sì dá káàdì padà fún ìyá pé kí ó lọ tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí.

Ohun tí ó mú kí afárá yìí ṣeé kọ́ ni pé ARM ni ọpọlọ E63, ARM náà sì ni ọpọlọ Android tí ìyá rà. Èdè kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbọ́. Àṣà ilé ni ó yàtọ̀. Mo lè jẹ́ kí ọpọlọ Android máa ka àṣẹ inú áàpù náà ní tààrà láìsí ògbufọ̀, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń gba kóòdù bíìtì 32, irú èyí tí áàpù náà jẹ́. Kìkì ibi tí áàpù bá ti ké pe Symbian pé “fún mi ní mẹ́mọ́rì”, “ṣí fáìlì yìí”, “ya ìlà yìí sójú”, ni afárá gbọ́dọ̀ ti dá a lóhùn.

Ní Symbian, kì í ṣe orúkọ ni áàpù fi ń ké pe àwọn àṣẹ wọ̀nyí, nọ́ḿbà ni. Áàpù kò ní sọ pé òun fẹ́ User::AllocL, àṣẹ tí ó ń fúnni ní mẹ́mọ́rì. Yóò ní òun fẹ́ ohun tí ó wà ní ipò báyìí nínú euser.dll, fáìlì tí àwọn àṣẹ ìpìlẹ̀ Symbian wà nínú rẹ̀. Bí nọ́ḿbà kan bá yẹ̀, àṣẹ mìíràn ni yóò dáhùn, kò sì sí ohun tí yóò kìlọ̀ fún ọ. Ibi tí mo ti rí nọ́ḿbà àti orúkọ tí ó bára wọn mu ni kóòdù Symbian tí wọ́n tú sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní oṣù Kejì ọdún 2010, ọdún kan péré kí Nokia tó kéde pé òun ń lọ sí Windows Phone. Ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà káàkiri, àwọn fáìlì .def inú rẹ̀ sì to àwọn nọ́ḿbà náà lẹ́sẹẹsẹ. Láìsí ìtúsílẹ̀ yẹn, n kì bá tí bẹ̀rẹ̀.

Kíka fáìlì áàpù sínú mẹ́mọ́rì kò gbà mí lásìkò púpọ̀. Lẹ́yìn báìtì 16 àkọ́kọ́ ni èèyàn yóò rí lẹ́tà mẹ́rin, EPOC, orúkọ tí ètò náà ń jẹ́ nígbà tí ó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ Psion kí wọ́n tó dá Symbian sílẹ̀ ní 1998. Kóòdù tí ó tẹ̀lé e wà ní fífún pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ìfúnpọ̀ zlib tí gbogbo ayé mọ̀, nítorí náà mo ní láti kọ ìtúpọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀.

Orí ọ̀rọ̀ kíkọ ni mo ti kọ́kọ́ kọsẹ̀. Nígbà tí áàpù fẹ́ kọ “Iya Sade”, tí kò ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ pẹ̀lú àlàfo àárín rẹ̀, afárá mi gbọ́ pé lẹ́tà 805306376 ni ó fẹ́ kọ, ó sì kú lójú ẹsẹ̀. Symbian máa ń tọ́jú gígùn ọ̀rọ̀ sínú bíìtì 28, ó sì ń fi bíìtì mẹ́rin tí ó kù lókè sọ irú àpò tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀. Irú tí nọ́ḿbà rẹ̀ jẹ́ 3 ni àpò yìí, mo sì ti ka àmì irú náà mọ́ gígùn. Mo gé bíìtì mẹ́rin náà kúrò, “Iya Sade” sì jáde ní pípé. Inú mi dùn ju bí ó ti yẹ lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí pé orúkọ èèyàn gidi kan ni ohun àkọ́kọ́ tí afárá náà sọ.

Ìṣòro tí ó tẹ̀lé e le ju ìyẹn lọ, nítorí pé kì í pa áàpù. Irọ́ ni ó ń pa. Bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan áàpù, iye owó oníbàárà tí mo bá ṣí máa ń pé. Bí mo bá ṣí ẹnì kan, tí mo pa á dé, tí mo ṣí ẹlòmíràn, tí mo tún pa á dé, lẹ́yìn nǹkan bí ẹni kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ẹnì kan tí ó ń dá igba náírà lójúmọ́ yóò ní owó tí kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ọjà náà. Bí mo bá tún áàpù tàn, ohun gbogbo yóò padà pé. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin wá àṣìṣe nínú ìṣirò, kò sì sí nínú ìṣirò rárá.

Inú ọ̀nà tí mo gbà ń fún áàpù ní mẹ́mọ́rì ni ó wà. Àṣẹ Symbian méjì ni ọ̀rọ̀ náà kàn: AllocL, tí ó ń fún ọ ní mẹ́mọ́rì bí ó ṣe rí, àti AllocZL, tí ó kọ́kọ́ ń fi òdo kún gbogbo rẹ̀ kí ó tó gbé e fún ọ. Mo ti rí Z yẹn, mo sì ti fojú fò ó. Kóòdù kan náà ni mo fi dáhùn àwọn méjèèjì. Gbogbo ohun tí a bá kọ́ lórí CBase, ìpìlẹ̀ tí àwọn tí ó ń kọ áàpù Symbian ń kọ́ nǹkan lé, ni ó gbọ́kàn lé òdo yìí, ẹni tí ó kọ áàpù kò sì ní wulẹ̀ kọ “bẹ̀rẹ̀ láti òdo”, nítorí pé ètò ti ṣèlérí rẹ̀ fún un. Mẹ́mọ́rì tuntun tí Linux, tí Android dúró lé, ń fúnni máa ń jẹ́ òdo, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹni àkọ́kọ́ fi ń pé. Ṣùgbọ́n mẹ́mọ́rì tí ẹnì kan ti lò tí ó sì ti dá padà dà bí yàrá tí ayálégbé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde nínú rẹ̀: ẹrù rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ẹni tí ó wọlé sì kà á mọ́ tirẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni mo fi tún un ṣe. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé kò tó kí n mọ ohun tí àṣẹ kan ń ṣe. Mo gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àwọn tí ó ń lò ó ti gbà lọ́kàn pé yóò máa ṣe, yálà wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí wọn kò kọ ọ́.

Mo ṣe ojú áàpù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, n kò sì ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀. Avkon, tí S60, ẹ̀yà Symbian tí ó wà lórí E63, fi ń ya ojú, tóbi púpọ̀, ṣùgbọ́n àkójọ orúkọ, fọ́ọ̀mù kan, àti àpótí ìbéèrè nìkan ni áàpù yìí ń lò, àwọn nìkan náà ni mo sì kọ. Ojú E63 jẹ́ 320 sí 240. Mo gbé e sí òkè ojú Android, mo sì ya bọ́tìnnì Options àti Back sí abẹ́ rẹ̀, ní apá òsì àti ọ̀tún bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀, nítorí pé àtàǹpàkò ìyá ti mọ ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ, nítorí pé òun ni ó sún mọ́ àtipa wá lára jù lọ.

Symbian máa ń ka àkókò ní ìdá mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní ọdún òdo. Linux ń ka tirẹ̀ láti ọjọ́ kìíní ọdún 1970. Láti bọ́ láti inú èkíní sí èkejì, èèyàn gbọ́dọ̀ mọ iye ọjọ́ tí ó wà láàárín wọn. Mo fi kàlẹ́ńdà Gregory tí gbogbo ayé ń lò ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ ọjọ́ 719528, mo sì fi í sínú afárá. Mo kọ owó tuntun sílẹ̀ láti dán an wò, ọjọ́ òní jáde gẹ́lẹ́.

N kò fi ìyẹn mọ. Àwọn oníbàárà ìyá kan wà ní ọjà ìgbèríko kan tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún, wọn kì í sì í sanwó lọ́jọ́ mìíràn àyàfi ọjọ́ ọjà. Mo béèrè ọjọ́ ọjà tí ó kọjá lọ́wọ́ ìyá, mo sì ń fi mẹ́rin mẹ́rin ka ọjọ́ padà sẹ́yìn títí mo fi dé 2009, nítorí pé bí a bá yọ ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ kúrò, ọjọ́ mẹ́rin ni ọrún. Gbogbo ọjọ́ tí áàpù kọ fún àwọn oníbàárà wọ̀nyẹn ni ó bọ́ sí ọjọ́ ọjà, kò sí ẹyọ kan tí ó yẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Mo pe ìyá pé kí ó wá wò ó.

Ó wo ojú fóònù náà fún ìgbà díẹ̀, ó ń fi ìka yí i lọ sókè sódò, ó ń pe orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tí ó yá, ó dá ìka dúró lórí ìlà kan, ó ní, “Ọmọ mi, èyí kì í ṣe èmi.”

Mo bi í pé, “Kí ni ẹ rí, Mà?”

“Ó ní mo gbowó ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta, ọjọ́ Àìkú. Èmi kì í gbàjọ lọ́jọ́ Àìkú. Bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ. Kí wọ́n dúró dè mí di ọjọ́ ọjà mìíràn.”

Ó ní káàdì oníbàárà náà lọ́wọ́. Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 2009 ni ó wà lórí rẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ 12 ni àṣìṣe náà. Mo wo àwọn ìlà mìíràn pẹ̀lú káàdì tí ó kù, ọjọ́ 12 náà ni, kò lé, kò dín. Mo tún rí ohun kan tí ó yẹ kí n ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀: nínú gbogbo àkọsílẹ̀ àtijọ́ náà, owó wà ní ọjọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n kò sí ìlà kan ṣoṣo tí ó bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ ìsinmi ìyá ni ó ti ṣí kúrò ní Àìkú bọ́ sí Ẹtì.

Ìdí tí àyẹ̀wò mi fi tàn mí jẹ kò fara sin mọ́. Mẹ́rin mẹ́ta ni 12. Bí èèyàn bá ti ọjọ́ síwájú pẹ̀lú ọjọ́ 12, ó ti fo ọrún mẹ́ta gééré, orí ọjọ́ ọjà náà ni yóò tún balẹ̀ sí. Ọjọ́ ọjà kò lè rí àṣìṣe yìí láéláé. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje nìkan ni ó lè tú u fó, àti ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí òun kì í ṣiṣẹ́. Owó tuntun tí mo kọ náà kò sì lè fi í hàn, nítorí pé nọ́ḿbà kan náà tí kò tọ́ ni afárá fi kọ ọ́, òun náà ni ó sì fi kà á.

Mo padà sí kóòdù 2010, mo sì ka bí Symbian ṣe ń ka ọdún. Ní kàlẹ́ńdà Gregory, ọdún tí ó bá parí ọgọ́rùn-ún kì í ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n nínú oṣù Kejì, àyàfi tí a bá lè fi 400 pín in. Symbian gbà bẹ́ẹ̀ láti 1600 wá. Ṣùgbọ́n kí ó tó di 1600, gbogbo ọdún tí a bá lè fi mẹ́rin pín ni ó fún ní ọjọ́ yẹn, bí àwọn èèyàn ṣe ń kà á gan-an kí Póòpù Gregory Kẹtàlá tó yí kàlẹ́ńdà padà ní 1582. Ọdún 100, 200, 300, 500, 600, 700, 900, 1000, 1100, 1300, 1400 àti 1500: méjìlá ni wọ́n, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni Symbian sì fi lé ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọjọ́ 719540 ni ó tọ́, kì í ṣe 719528. Mo yí nọ́ḿbà náà padà, ọjọ́ Àìkú sì ṣófo láti òkè dé ilẹ̀ àkọsílẹ̀ náà.

Ohun kan ṣẹ́kù tí mo fi kún un láìjẹ́ pé ìyá béèrè. Gbogbo orúkọ inú fáìlì náà ni kò ní àmì, kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, nítorí pé ó ṣòro láti tẹ̀ wọ́n lórí bọ́tìnnì fóònù náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni áàpù kò kọ̀ wọ́n: bíìtì 16 ni Symbian fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń tọ́jú orúkọ sínú fáìlì, yóò fún un pọ̀ ní ọ̀nà SCSU, tí lẹ́tà lásán ń gba báìtì kan, tí àwọn lẹ́tà wa sì nílò àmì tí ó ń sọ ibi tí a ti mú wọn wá nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà àwọn èdè ayé. Ìdajì SCSU ni mo kọ tẹ́lẹ̀, nítorí pé òun nìkan ni àwọn orúkọ àtijọ́ nílò. Mo kọ ìdajì kejì, mo sì so bọ́tìnnì Yorùbá ti Android mọ́ ọn.

Níbi tí iṣẹ́ dé báyìí, kìkì orí Android tí ó bá ṣì ń gba kóòdù bíìtì 32 ni afárá ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn fóònù tí ó ti fi bíìtì 32 sílẹ̀ pátápátá ti ń jáde, ọ̀nà tààrà tí mo gbà kò sì lè ṣiṣẹ́ lórí wọn. Fún irú wọn, ògbufọ̀ tí yóò máa tú àṣẹ ARM àtijọ́ sí tuntun ni n óò kọ, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo ti sọ fún ìyá pé kí ó má pààrọ̀ Android rẹ̀ láìjẹ́ kí n mọ̀.

Kí n tó gbé e lé e lọ́wọ́, a jọ jókòó, a kó gbogbo káàdì àjọ tí ó rí kó jọ sórí tábìlì, a sì ń fi iye orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wé ti ojú fóònù. Ó gbà wá láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Gbogbo rẹ̀ bára mu. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí oníbàárà tuntun kan, ó fara balẹ̀ tẹ orúkọ rẹ̀, Ọláṣùbọ̀mí, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, ó kọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà sí i, ó sì tẹ Save. Mo pa áàpù, mo tún un tàn, mo sì ṣí àkọsílẹ̀ náà lójú rẹ̀. Orúkọ náà pé, owó náà pé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni áàpù kọ sí i, ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ni a sì wà.